Bí Olùtọ́jú Igi Ṣe Lè Dúró Níwájú Ẹni tí Ń Gba Owó Pọ́ọ́kú

Ní Koro, ní Osi, ní Eruku àti ní àgbègbè Iloffa ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, igi ni ọrọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Kòkó wà níbẹ̀, obì wà, kajú wà, ọ̀pẹ wà. Mángòrò àti odán sì ń ṣíji bo àgbàlá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ni igi ni ó lè gùn ún. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi rírẹ́ ẹ̀ka, yíyọ àfòmọ́ àti gígé igi tí ó tẹ̀ sórí òrùlé ṣe iṣẹ́ oòjọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti bẹ̀rẹ̀. Àdá àti okùn ti tó, ẹni tí ó bá sì rí ẹ́ńjìnnì agégi yá lè wọ inú rẹ̀ lọ́la. Kì í pẹ́ nígbà náà kí ẹni tuntun tó yọjú, tí yóò máa gba ìdajì owó tí ará ìṣáájú ń gbà.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kí òun náà dín owó kù. Ó yẹ kí ó ṣírò ná. Bí ó bá jẹ́ pé 20,000 náírà ni ó ń gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, tí epo àti ọ́ìlì gba 7,000, tí ọmọṣẹ́ gba 5,000, tí ọ̀kadà gba 2,000, 6,000 ni ó kù fún un. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé 14,000, ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà lásán, kò sì tíì ya owó ṣéènì tuntun sọ́tọ̀, tàbí ti ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun igi. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tuntun má tíì ṣe ìṣirò yìí rárá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó lítà pẹtiróòlù kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí iṣẹ́ ń ná òun kò lè mọ iye tí yóò fi kún un.

Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ méjì tí ó jọra lójú ní ọjọ́ tí wọ́n parí lè yàtọ̀ pátápátá lẹ́yìn ọdún kan. Àfòmọ́ ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ẹyẹ ni í gbé irúgbìn rẹ̀ lé ẹ̀ka. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò ta gbòǹgbò wọ inú rẹ̀, yóò sì máa mu omi tí igi fà sókè. Ẹni tí ń kánjú yóò ṣá ewé àfòmọ́ nìkan. Igi mọ́ lójú, olóko sanwó tayọ̀tayọ̀, àfòmọ́ sì tún hù. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti wọlé, kí àfòmọ́ tó so èso.

Kòkó pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ewé bá ṣú jù, ọ̀rinrin yóò mú kí èso dúdú kí ó sì rà. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ jù, kòkòrò tí ń fa omi ara igi yóò rí àyè níbi tí oòrùn ti wọlé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Idi-Ayunre lẹ́bàá Ibadan ní 1964 ń bójú tó kòkó, obì àti kajú. Ẹ̀kọ́ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá kò ní ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ igi tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Alex Shigo, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo inú wọn. Ohun tí ó tẹ̀ jáde ní 1977 ni pé ọgbẹ́ igi kì í san bí ti ènìyàn: igi a máa mọ odi yí ibi tí ó bàjẹ́ ká, ara tuntun a sì hù bò ó láti ìta. Ibi tí ẹ̀ka ti jáde lára ìtì a máa wú díẹ̀ bí ọrùn, ibẹ̀ sì ni agbára odi náà wà. Ẹni tí ó fá ẹ̀ka mọ́ ìtì pẹrẹsẹ ti gé ọrùn náà dànù. Ẹni tí ó fi kùkùté gígùn sílẹ̀ ti la ọ̀nà fún ìjẹrà. Ìta ọrùn gan-an ni kí ayùn gbà. Bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gé e: díẹ̀ lábẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìtì; lẹ́yìn náà lókè, síwájú díẹ̀, kí ó lè já láìbó èépo; níkẹyìn, kùkùté tí ó kù. Èyí gba àkókò, àkókò ni ẹni tí ń gba owó pọ́ọ́kú kì í sì í ní.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ igi kì í tètè jinná, olóko kò sì lè mọ adùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olùtọ́jú igi mú un lọ sídìí igi tí òun rẹ́ ní èṣí, kí ó wí pé: “Bàbá, ẹ wo ojú ọgbẹ́ yìí, èépo ti ń bò ó.” Èyí dára ju kí ó ba ẹni tuntun lórúkọ jẹ́ lọ, nítorí oúnjẹ ni ọ̀dọ́ náà ń wá. Bí ó bá ní ọgbọ́n, kí ó gbà á ṣe ọmọṣẹ́, tàbí kí wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n máa ra ṣéènì àti ọ́ìlì pọ̀. Yíyọ èéhù ìdí kòkó kò le. Kí ó fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ó di igi ẹ̀bá ilé àti ẹ̀bá wáyà iná mú, níbi tí olóhun yóò ti kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò san owó páànù bí ẹ̀ka bá já lù ú.

Olóko tí owó rẹ̀ kò tó ńkọ́? Iṣẹ́ ni kí wọ́n dín kù, kì í ṣe owó: kí wọ́n tọ́jú ogún igi tí ó burú jù lọ́dún yìí, kí ìyókù di àmọ́dún. Bí owó bá sì wọ́n ní àkókò òjò, wọ́n lè ṣe àdéhùn pé ìdajì yóò di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan sì fọwọ́ sí i.