Ẹ̀rọ awárin: Ohun tó yẹ kí ará Imaṣayi mọ̀ kó tó náwó sí i

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rí ẹ̀rọ yìí rí, bí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ làwọn sikiọ́rítì fi máa ń yẹ èèyàn lára wò lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, tó máa ń dún bí kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú àpò. Èyí tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú ilẹ̀ ní ọ̀pá gígùn, ó sì ní àwo róbótó nísàlẹ̀. Ẹni tó dì í mú á máa rọra gbé àwo náà lọ, á máa gbé e bọ̀, lókè ilẹ̀ díẹ̀. Metal detector ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Imaṣayi àti láwọn abúlé tó yí i ká, iṣẹ́ gidi wà fún un. Àdá tó bọ́ sínú igbó, nọ́ọ̀tì katakata tó já sí ebè, òrùka ìgbéyàwó tó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́: gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí lè wá. Àwọn tó ń la gẹdú ní sọ́mìlì lè fi yẹ igi wò bóyá ìṣó wà nínú rẹ̀, nítorí ìṣó kan ṣoṣo ti tó láti ba ayùn olówó ńlá jẹ́. Bí ìjà ilẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, tí òpó síméńtì táwọn sọ́féyọ̀ rì mọ́lẹ̀ bá ti wọlẹ̀ tán, irin tó wà láàárín rẹ̀ lè dún, kí wọ́n sì tún rí ààlà.

Àmọ́ wúrà lọ̀pọ̀ èèyàn ń rò bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ yìí. Ó dáa kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn látìbẹ̀rẹ̀. Òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Yewa kì í ṣe irú èyí tó máa ń gbé wúrà. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe síméńtì ló pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ síméńtì Dangote fi wà ní Ibese. Agbègbè Iléṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára ibi tí wúrà wà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá torí wúrà ra ẹ̀rọ yìí fún oko ní Imaṣayi, ibi tí kò sí ló ti ń wá a.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá fi pamọ́ ló máa dún. Owó ẹyọ ò lè dún, torí ìkarawun ni. Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta àti ìkòkò amọ̀ náà ò lè dún. Èyí tó lè dún ni ọ̀níní, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́ àti sísì tí wọ́n ná kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Wáyà tí wọ́n ká sínú àwo ìsàlẹ̀ ń gba iná bátìrì, agbára bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì á wá wọ inú ilẹ̀ lọ. Bó bá kan irin, bàbà tàbí fàdákà, iná díẹ̀ á sáré nínú ohun yẹn, á sì dá agbára tirẹ̀ padà sí àwo. Ìyẹn ló ń mú kó dún. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, gbìyànjú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1881 láti wá ọta ìbọn tó wà lára Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield. Kò rí i. Irin tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí Ààrẹ sùn lé wà lára ohun tó da iṣẹ́ náà rú. Títí dòní, ìṣòro yẹn ò tíì tán: ibi tí páànù, ìdérí ìgò àti agolo bá pọ̀ sí, ariwo ni ẹ̀rọ á máa pa ṣáá.

Ìṣòro tó tóbi jù lọ́dọ̀ tiwa ni ilẹ̀ pupa. Ohun tó mú ilẹ̀ pọ́n ni ìpẹtà irin tó wà nínú rẹ̀, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó wà nínú oko sì ní irin nínú dáadáa. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á máa dún lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí kó dákẹ́ lórí ohun tó yẹ kó dún lé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á fún oko gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe kó bá ilẹ̀ mu. Ground balance ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, kó fi sílẹ̀.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. VLF ni àkọ́kọ́. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga, ó sì lè fi ìró sọ ìyàtọ̀ láàárín irin àti bàbà. Èkejì ni PI. Ó fara da ilẹ̀ pupa àti omi iyọ̀ dáadáa, ó sì ń wọlẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ò mọ ìyàtọ̀ ìṣó sí òrùka. Ẹni tó bá gbé e lọ sínú oko tí ìṣó pọ̀ sí, ilẹ̀ gbígbẹ́ ni yóò fi gbogbo ọjọ́ ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé e lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì tún ní ohun mìíràn láti rò. Iyanrìn gbígbẹ ò ní wàhálà, àmọ́ iyanrìn tí omi òkun ti rin máa ń gba iná kọjá nítorí iyọ̀, VLF tó ń lo ìgbì kan ṣoṣo á sì máa pariwo níbẹ̀. Èyí tó ń lo ìgbì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ kan fún oko àti etí òkun. Irú rẹ̀ ni Equinox tí ilé iṣẹ́ Minelab ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé jáde. Kí olùrà rí i dájú pé gbogbo ara ẹ̀rọ ló lè wọ omi, kó má jẹ́ àwo ìsàlẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn lílò, kó fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án.

Àwo ńlá ń wọlẹ̀ jìn, àwo kékeré sì dáa níbi tí ìdọ̀tí irin pọ̀ sí. Níbi tí iná ò dúró, èyí tó ń lo bátìrì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sàn ju èyí tó gbọ́dọ̀ ní iná kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíjìn ni àwọn oníjìbìtì fi ń mú èèyàn. Ẹ̀rọ tó dáa á rí owó ẹyọ kan, owó onírin ni o, ní bíi 20 sẹ̀ǹtímítà sí gígùn rúlà ọmọ iléèwé, ìyẹn 30 sẹ̀ǹtímítà. Ohun ńlá bí ìkòkò irin lè dún ní nǹkan bíi mítà kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun ń rí wúrà ní 20 mítà, tàbí tó gbé ọ̀pá méjì tó ń yí fúnra rẹ̀ wá, irọ́ ló ń pa. Ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ James McCormick sẹ́wọ̀n ọdún 10, nítorí ó ta irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, tó pè ní ADE 651, fún Iraq pé ó ń wá bọ́ǹbù. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn kú nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Ayédèrú Minelab náà ti wà lọ́jà nílẹ̀ Áfíríkà, torí náà kí olùrà fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ béèrè lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kó tó sanwó.

Ọ̀nà tó rọrùn láti dán an wò ni pé kí wọ́n gbé e dé orí ilẹ̀ pupa gan-an. Kí wọ́n ri owó onírin kan mọ́lẹ̀ ní 10 sẹ̀ǹtímítà, òmíràn ní 20, kí ẹni tó ń tà á má mọ ibi tí wọ́n wà. Kó wá wọn níṣojú olùrà. Bó bá kọ̀, olùrà ti rí ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Òfin àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tó ti wà láti ọdún 1979, sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí i gbọ́dọ̀ lọ sọ. Ìdí wà fún un. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ pàdé. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò nílùú. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum títí dòní. William Bascom ará Amẹ́ríkà ra méjì, ó sì dá wọn padà lọ́dún 1950. Bí irú ẹ̀ bá jáde ní Imaṣayi, kí wọ́n fi í síbi tó wà, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n sọ fún ọba ìlú, kí wọ́n sì kàn sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Abẹ́òkúta.

Yàtọ̀ sí ti ìjọba, àṣẹ onílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Irin tó wà lójúbọ Ògún kì í ṣe ohun tó sọnù, bẹ́ẹ̀ ni sàárè kì í ṣe oko. Bí ohun tó jọ ọta tàbí bọ́ǹbù bá hàn, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ihò tí wọ́n bá sì gbẹ́, kí wọ́n dí i kí wọ́n tó lọ, kí ọmọ tàbí ewúrẹ́ má bàa ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ síbẹ̀.

Fún àgbẹ̀ tó kàn fẹ́ máa wá àdá àti nọ́ọ̀tì, VLF kan tó ní ground balance ti tó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa lò ó, kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ dáwó ra ẹyọ kan, kí wọ́n máa yá ara wọn.