Àwọn Àkáǹtì Ìdókòwò ní Kánádà àti Àwọn Tí Ń Bá Ni Tọ́jú Wọn

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Nítorí ọ̀la yìí náà ni ìjọba Kánádà ṣe ya oríṣiríṣi àkáǹtì sọ́tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òfin owó orí tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè máa fi èyí tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tàbí kí ó yá ìjọba kí ó sì máa gba èlé lórí rẹ̀.

Àgbà inú wọn ni RRSP, tí a dá sílẹ̀ ní 1957 fún ìgbà ìfẹ̀yìntì. Iye tí ènìyàn bá fi síbẹ̀, bí kò bá ti kọjá ìdá 18 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀ ti èṣí àti gbèdéke tí ìjọba là sílẹ̀, a kì í bu owó orí lé e lọ́dún náà. Ọjọ́ tí ó bá gbà á jáde ni yóò san án. Ó gbọ́dọ̀ ti kó o kúrò níbẹ̀ kí ọdún tí ó pé ẹni ọdún 71 tó parí, ọ̀pọ̀ a sì máa kó tiwọn sínú RRIF, tí yóò máa san án fún wọn díẹ̀díẹ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

TFSA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, yàtọ̀ sí i: owó tí a ti san owó orí lé lórí ni a ń fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ àti gbígbà rẹ̀ kò ní owó orí mọ́. Gbèdéke ti 2025 jẹ́ 7,000 dọ́là; ẹni tí ó bá sì fi kọjá ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò máa san ìdá 1 nínú 100 àfikún náà lóṣooṣù. Ní ti ẹ̀kọ́ ọmọ, RESP wà, tí ìjọba ń fi 500 dọ́là kún 2,500 tí òbí bá fi síbẹ̀ lọ́dún, títí yóò fi pé 7,200 fún ọmọ kan. Àbúrò gbogbo wọn ni FHSA ti 2023, fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilé rẹ̀ àkọ́kọ́: 8,000 lọ́dún, 40,000 lápapọ̀.

Àwọn báńkì ńlá ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àkáǹtì wọ̀nyí, bí RBC Direct Investing, TD Direct Investing àti BMO InvestorLine; Questrade, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, àti Wealthsimple ti 2014, kò sí lábẹ́ báńkì kankan nínú wọn. Àjọ CIRO ni ó ń ṣọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Bí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wó, àpò ààbò tí a ń pè ní CIPF a máa dáàbò bo ohun ìní oníbàárà títí dé mílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣùgbọ́n bí ìpín tí ènìyàn rà bá já wálẹ̀ lọ́jà, olówó ni ó ni àdánù rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto àti Calgary, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣáájú ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yín ṣe. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àkáǹtì tí ó bá a mu, kí ẹ rántí pé ẹ̀tọ́ TFSA kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún tí ẹ di olùgbé Kánádà, kí ẹ sì wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ náà wà lábẹ́ CIRO, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan lé e lọ́wọ́.