Ta ló ń pa ayò lára? Àríyànjiyàn àwọn ọmọ géèmù lórí nẹ́tíwọ̀kì

Ìjà kan wà tí kì í tán láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù nílẹ̀ wa. Kì í ṣe ìjà òṣèlú, kì í sì í ṣe ti obìnrin. Nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa ara wọn láṣọ ya. Àwọn kan ní láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, géèmù ò dùn mọ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé páàdì méjì àti PlayStation àtijọ́ ti tó èèyàn í fi gbádùn. Àwọn ẹ̀kẹta wá ní ta ló tiẹ̀ fẹ́ fowó ra dátà tí yóò fi ṣeré, nígbà tí owó oúnjẹ ò délé?

Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn á rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé o. Ẹ wo Ofosu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú títì márosẹ̀ tó ti Ọ̀rẹ lọ sí Benin ló wà, ó ku díẹ̀ kéèyàn wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Tọ̀sán-tòru lọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ló yí ìlú náà ká. Ọmọ géèmù tó bá ń gbé irú ibẹ̀ àti èyí tó wà n'Ìkẹjà lè ra fóònù kan náà, kí wọ́n ra dátà iye kan náà, síbẹ̀ kí ayò wọn má dọ́gba.

Ayé sídì

Láyé PlayStation 2, tí Sony gbé jáde lọ́dún 2000, kò sẹ́ni tó ń béèrè nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tó bá ti ní tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ti di oníṣọ́ọ̀bù géèmù nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò á sanwó fún eré bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì. Winning Eleven, táwọn míì mọ̀ sí Pro Evolution Soccer, lọba láyé ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, Konami tó ni géèmù náà sọ ọ́ di eFootball. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti máa wà á jáde. Géèmù Call of Duty míì tiẹ̀ ń gbà ju 100GB lọ lórí ẹ̀rọ. Ẹ ò rí i pé "ọ̀fẹ́" yẹn lówó nínú!

Ohun tí wọn ò mọ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé eré gan-an ló ń jẹ dátà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwà á jáde àti àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí i lóòrèkóòrè ló ń jẹ ẹ́. Téèyàn bá ti ń ta á, dátà tó ń lò kì í tó ti fídíò, nítorí ibi tí òṣèré sá lọ àti ibi tí bọ́ọ̀lù wà nìkan ni fóònù ń ròyìn.

Ohun tó ń pa ayò lára ni wọ́n ń pè ní ping, ìyẹn àkókò tí iṣẹ́ téèyàn rán máa fi lọ, tí yóò sì fi bọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni sáfà ọ̀pọ̀ géèmù wà. Láti Èkó dé London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Nínú wáyà fáìbà, ìmọ́lẹ̀ ń sá tó 200,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ ò lè dín ní ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, bí wáyà náà bá tiẹ̀ lọ tààrà. Abẹ́ òkun ló sì ń gbà yí po, kì í lọ tààrà. Nígbà tí iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà bá fi dé, ẹni tó ń gbé London ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Kì í ṣe pé ọwọ́ tiwa wúwo.

Ojú ọ̀run ńkọ́?

Àwọn kan ní Starlink ló máa tú ẹni tó wà nírú Ofosu sílẹ̀. Wọn ò parọ́ tán. Sátẹ́láìtì táwọn káfé àtijọ́ ń lò ga tó 35,786 kìlómítà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tán kó tó dáhùn. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní January 2023, kò ga ju nǹkan bíi 550 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, wọ́n kéde pé owó oṣù yóò kúrò ní ₦38,000, yóò di ₦75,000. Àjọ NCC yarí pé àwọn ò fọwọ́ sí i. Ọdún yẹn náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ta ni yóò wá fi gbogbo owó oṣù ra nẹ́tíwọ̀kì?

Ti ilẹ̀ náà ò rọrùn. Ní February 28, 2024, wáyà fáìbà já, nẹ́tíwọ̀kì MTN dákú káàkiri. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ní March 14, tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, tún bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Lọ́dún 2025, NCC gbà káwọn iléeṣẹ́ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. MTN sọ 15GB ọlọ́sẹ̀ kan di ₦6,000 láti ₦2,000, àfìgbà táwọn èèyàn pariwo kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i ní May 2024 pé káwọn ri fáìbà 90,000 kìlómítà mọ́ ilẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Bí wáyà yẹn bá dé ìlú kéékèèké, táwọn onígéèmù sì gbé sáfà sún mọ́ wa, àríyànjiyàn á rọlẹ̀. Bí kò bá dé, ariwo pé iléeṣẹ́ wo ló yá jù kò lè yanjú nǹkan kan.

Ẹni tó bá ṣì rò pé eré lásán ni, kó bi oníPOS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń mú kí bọ́ọ̀lù dúró lójú afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń jẹ́ kí owó oníbàárà kúrò ní báńkì, tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà. Ọmọ géèmù lè tan ayò míì. Ẹni tí owó ọjà rẹ̀ há sójú ọ̀nà ńkọ́?