Bí Òbí Ṣe Lè Mú Ọmọ Kékeré Rìn Nínú Igbó Lẹ́kí

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú Èkó ni ó mọ orúkọ oríṣiríṣi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ, nítorí pé ohun tí ojú kò rí, ó ṣòro kí ẹnu tó lè pe orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, igbó kan wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, èyí tí òbí lè mú ọmọ lọ kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lekki Conservation Centre ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78. Irà ni apá kan rẹ̀, ọ̀dàn sì ni apá kan.

Àṣìṣe tí òbí púpọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n a máa fi ẹsẹ̀ àgbà díwọ̀n ìrìn ọmọdé. Àgbà ń rìn kí ó lè dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọdé ń rìn kí ó lè rí ohun tí ó wà lójú ọ̀nà. Ìgbín kan ṣoṣo lè dá ọmọ ọdún mẹ́rin dúró fún ìgbà pípẹ́. Kí òbí má ṣe fà á lọ́wọ́ pé kí ó yára, nítorí ibi tí ọmọ dúró sí gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà.

Òwúrọ̀ ni ó dára jù láti lọ, nítorí oòrùn kò tíì mú, àwọn ẹranko sì ń jẹ kiri. Kí ọmọ wọ ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀fọn àti ìjàlọ. Kí a mú omi mímu púpọ̀ lọ́wọ́. Kí ìyá má sì gbàgbé ọ̀já, nítorí ọmọ tí ó sáré wọ igbó lè máa sunkún pé kí a pọn òun nígbà tí a bá ń padà bọ̀.

Pákó ni a fi ṣe ọ̀nà tí ó kọjá lórí irà. Bí òjò bá rọ̀, pákó náà a máa yọ̀. Nítorí náà, kí òbí di ọwọ́ ọmọ mú. Àwọn àgbà ní, ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kí a kọ́ ọmọ pé ojú ni a fi ń wo ewé àti èso igbó, kì í ṣe ọwọ́ tàbí ẹnu. Kí ó má sì ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi tí ó wó, nítorí ejò.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ènìyàn. Wọ́n ní àpò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ohun tí ọmọdé yóò fẹ́ràn láti wò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún wọn ní oúnjẹ: ọ̀bọ tí a bá ti mọ́ lára láti gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ènìyàn yóò já a gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lè bù ú jẹ.

Afárá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401 wà níbẹ̀, tí a so kọ́ sí òkè láàárín àwọn igi, tí ó sì ń mì bí a bá ń gbà á kọjá. Kí òbí bèèrè ìlànà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí ó tó mú ọmọ gùn ún. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà, ọ̀nà ilẹ̀ ti tó o.

Kí a yí padà kí ó tó rẹ ọmọ, kí ó lè fẹ́ láti tún wá. A ti da iyanrìn bo púpọ̀ nínú irà agbègbè Lẹ́kí láti kọ́ ilé sí i. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú èyí tí ó kù, tí ó sì mọ orúkọ ohun tí ń gbé inú rẹ̀, ni yóò lè dáàbò bò ó lọ́jọ́ iwájú.