Ṣé O Mọ̀? Oògùn Akunilóorun àti Adrenaline

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un lè da ìlù ọkàn rú bí adrenaline bá pọ̀ lára rẹ̀? Adrenaline yìí ló ń mú àyà wa já nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Dókítà a sì máa gún un sí ojú ibi tó fẹ́ là, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà púpọ̀.

Lọ́dún 1911, dókítà A. Goodman Levy fi ológbò hàn wá pé chloroform díẹ̀, oògùn akunilóorun àtijọ́, àti adrenaline lè pa ẹ̀dá lójijì. Halothane, oògùn akunilóorun mìíràn tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ní 1956, tó sì pẹ́ ní Nàìjíríà, ní irú ewu yìí. Ìlànà tó gbajúmọ̀ fún àgbàlagbà tó ń fa halothane símú ni pé kí abẹ́rẹ́ tí adrenaline rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 100,000 má ju mílílítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú 10. Ewu isoflurane àti sevoflurane, tí àwọn náà jẹ́ oògùn akunilóorun, kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí ẹ sì ń lo aminophylline fún ikọ́ fée, oògùn tó lè fi kún ewu yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí oògùn yẹn dání lọ fi han dókítà.