Ẹran Orí Àtẹ ní Kọ́ríńtì

Ní ìwọ̀n ọdún 55 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn ará ìjọ Kọ́ríńtì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ̀wé sí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì. Ọ̀ràn ẹran wà nínú ohun tí ó dá wọn lóhùn. Ní ìlú wọn, a máa ń pa ẹran bọ òrìṣà; a máa ń jẹ nínú rẹ̀ ní àsè ilé òrìṣà, òmíràn a sì dé orí àtẹ alápatà, níbi tí olùrà kò ti lè fi ojú dá a mọ̀.

Àwọn onímọ̀ inú ìjọ wí pé òrìṣà kì í ṣe nǹkan kan, nítorí náà ẹran lásán ni. Pọ́ọ̀lù kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà ni ó ń rò. (Ẹni tí a tọ́ ní agbo ilé olórìṣà kò ní béèrè ìdí rẹ̀.) Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí onímọ̀ nídìí àsè ní ilé òrìṣà, òun náà yóò jẹ, ṣùgbọ́n ní ọkàn tirẹ̀, bíbọ ni ó ń bọ. Oúnjẹ ẹnì kan ti dá ẹnì kejì padà sídìí ohun tí ó ti kọ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kò sọ ọjà di èèwọ̀. Kí wọ́n rà, kí wọ́n má tilẹ̀ wádìí. Bí aláìgbàgbọ́ bá pè wọ́n jẹun, kí wọ́n jẹ ohun tí a gbé kalẹ̀. Àfi bí ẹnì kan níbẹ̀ bá wí pé ẹran òrìṣà ni. Nígbà náà kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́.