Oyin Tí À Ń Lá, Ìda Tí À Ń Dà Nù

Tí ọyẹ́ bá mú ní Òjòkú, tí ojú ọ̀run funfun, tí ètè tọmọdé tàgbà sán, àlejò lè rò pé ebi ń pa gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà nínú oko. Ọ̀rọ̀ oyin kò rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọdún tirẹ̀. Kajú á tanná, máńgòrò á tẹ̀lé e. Igi òrí á wọ́wé tán, á wá fi òdòdó bo ẹ̀ka rẹ̀. Igi irú náà á so òdòdó pupa rogodo rogodo kọ́. Kí oòrùn tó ta sánsán, ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi òrí á gbọ́ ariwo kan lókè orí rẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Tó bá gbójú sókè, á rí i pé orí igi ń mì, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò fẹ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara ni Òjòkú wà, kò jìnnà sí Ọ̀ffà, níbi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Irú ilẹ̀ yìí bá oyin lára mu. Òdòdó rẹ̀ kì í rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí igi kan ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni òmíràn ń gbà á. Ibùgbé náà kò sì wọ́n. Ihò ara igi oṣè dára, inú òkìtì ọ̀gán dára. Bí méjèèjì ò bá sí, àjà ilé tí onílé ti tì pa lọ sí Èkó ò burú, nítorí oyin kì í san owó ilé.

Apis mellifera adansonii ni àwọn onímọ̀ ń pe oyin tiwa yìí. Ara Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà láti 1749 sí 1753, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ó kéré ju oyin ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yá bíbí jù ú lọ. Ní 1956, wọ́n kó ìbátan rẹ̀ kan láti apá gúúsù àti ìlà oòrùn Áfíríkà lọ sí Bùràsíìlì, pé kí wọ́n fi tún irú oyin ibẹ̀ ṣe. Ọdún kejì ló sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ń fò, ó ń bí sí i, títí ó fi dé Texas ní Amẹ́ríkà ní 1990. Oyin apànìyàn ni àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́. N ò bá wọn jiyàn pé ó mọ ènìyàn ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ènìyàn àti ẹranko ti ń fọ́lé rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣé yóò ṣàì kọ́ ìjà?

Ìjà náà ní ètò. Abẹ́rẹ́ ìdí oyin ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára. Tó bá ti wọ awọ ènìyàn, oyin náà kò lè fà á yọ mọ́. Bí oyin ṣe ń jà láti gbéra, ìfun rẹ̀ á bá abẹ́rẹ́ náà jáde, oyin á sì kú. Abẹ́rẹ́ tó fi sílẹ̀ kì í kú pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á ṣì máa rọ oró sínú ara. Òórùn kan á sì tú jáde, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Òórùn yẹn ni ìpè ogun tí àwọn yòókù ń jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí ènìyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sídìí oyin. Ẹni tí oyin bá ta, kó tètè yọ abẹ́rẹ́ náà, kó sì sá kúrò níbẹ̀. Kó má dúró ṣépè.

Inú ilé oyin ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Ìyá oyin kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin. Àwọn òṣìṣẹ́, obìnrin ni gbogbo wọn. Akọ kò ní abẹ́rẹ́, kì í sì í lọ sóko. Tí oúnjẹ bá ti dínkù, wọ́n á lé e jáde. Òṣìṣẹ́ tó rí òdòdó bọ̀ á fi ijó júwe ọ̀nà fún àwọn tó kù lára afárá. Tó bá jó lọ sókè tààrà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn wà ni òdòdó náà wà. Tó bá yẹ̀ sọ́tùn-ún, kí wọ́n yẹ̀ sọ́tùn-ún oòrùn. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó lórí gbígbọ̀n ni ọ̀nà ṣe jìn tó. Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà, ló tú ìtumọ̀ ijó yìí, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1973.

Dídùn oyin ni gbogbo wa mọ̀. Ọmọ tuntun ń tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbà á sì wúre sí i létí pé kí ayé rẹ̀ dùn. Oyindàmọ́lá àti Oyinkánsọ́lá wà ní kíláàsì gbogbo ilé ìwé wa. Nínú Kùránì, orí kẹrìndínlógún ń jẹ́ orúkọ kòkòrò yìí, ibẹ̀ sì sọ pé ìwòsàn wà nínú ohun tó ń ti ikùn rẹ̀ jáde. Àwọn àfáà wa kì í gbàgbé ìyẹn tí wọ́n bá ń po oògùn. Ní Kúbà, ẹni tó fẹ́ fi oyin bọ Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú òrìṣà, nítorí ìtàn wọn níbẹ̀ sọ pé ẹnì kan fẹ́ fi oyin onímájèlé pa á rí.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, ohun dídùn yẹn kọ́ ni àgbà. Ìda ni.

Abẹ́ ikùn òṣìṣẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ni ìda ti ń jáde, ní ìpẹ́ pẹlẹbẹ tín-ín-rín. Oyin á fi ẹsẹ̀ yọ ọ́, á gbé e sẹ́nu, á jẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹlòmíràn bá a dé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ yàrá onígun mẹ́fà inú afárá. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní oyin tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó rí ìda kìlógíráàmù kan tó kìlógíráàmù 6 sí 8. Owó ilé wọn nìyẹn. Afárá ni ohun tó wọ́n jù lọ nínú ilé oyin, òun náà sì ni ohun tí àwa ń tu sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fa omi rẹ̀ mu tán.

Alágbẹ̀dẹ idẹ kì í tu ú sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe é. Á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ìrísí ohun tó ní lọ́kàn, kò ní ṣe é jinlẹ̀, á sá a gbẹ. Á yọ́ ìda, á sẹ́ ẹ kí ẹsẹ̀ oyin àti ìdọ̀tí lè kúrò nínú rẹ̀, á wá fi bo amọ̀ náà. Ara ìda yìí ni ọgbọ́n ọwọ́ wà. Imú, ìpéǹpéjú, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ìda yọ. Tó bá fẹ́ ṣe irun tàbí okùn, á yí ìda lórí pátákó tí omi wà lára rẹ̀ títí á fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, á wá máa tò ó lẹ́yọ lẹ́yọ. Tí ojú rẹ̀ bá ti pé, á fi amọ̀ kíkúnná pa á níta, kí amọ̀ náà lè wọ gbogbo ilà. Tí ìyẹn bá gbẹ, á fi èyí tó le bò ó, á sì dá ojú ihò sí i. Iná ló kàn. Ìda á yọ́, á sì gba ojú ihò ṣàn jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo sáàárín amọ̀ inú àti amọ̀ òde. Àyè yẹn ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Ó dìgbà tó bá tutù kí wọ́n tó fọ́ amọ̀. Kò sí pé a tún fẹ́ dà á lẹ́ẹ̀kejì: amọ̀ ti fọ́, ìda ti lọ, ẹyọ kan yẹn náà ni.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣe àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Òun ni wọ́n fi ṣe edan Ògbóni. Ní ìpínlẹ̀ Kwara níbí, a mọ àwọn ará Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ mọ iṣẹ́ idẹ dídà. Ní Tada, lẹ́bàá Odò Ọya, àwọn Nupe tọ́jú ère ọkùnrin kan tó jókòó. Bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà ni, ó sì ti lo bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé. Ọjọ́ Jímọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ sétí odò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á fi yanrìn fọ ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi dán tó sì ti jẹ díẹ̀. Ní Igbo-Ukwu, nílẹ̀ Íbò, àwọn onímọ̀ kan rò pé oje igi ni wọ́n lò dípò ìda. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní Ifẹ̀, ojú tí gbogbo ayé ń wọkọ̀ òfuurufú lọ wò ní mùsíọ́mù, ara ìda oyin ni ọlọ́nà ti kọ́kọ́ rí i.

Àwọn ará Íjíbítì ya ọ̀sìn oyin sára òkúta nínú tẹ́ńpìlì Ọba Niuserre, ó ti lé ní 4,000 ọdún báyìí. Nínú ihò àpáta kan ní Bicorp, nílẹ̀ Sípéènì, àwòrán ẹnì kan wà tó rọ̀ mọ́ okùn, tó ń ti ọwọ́ bọ ilé oyin, tí oyin sì yí i ká. Àwọn yẹn ya kòkòrò náà. Tiwa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń ya ènìyàn. A sì ti pẹ́ lẹ́nu oyin ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti Bristol àti Frankfurt gbé àbájáde kan jáde lórí àpáàdì ìkòkò àwọn ará Nok ìgbàanì, ní Nàìjíríà wa níbí, tó lé ní 450. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ní àmì ìda oyin lára, àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti tó 3,500 ọdún. Ẹnì kan ti gbé afárá kaná nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni níbí tó mọ irin í rọ.

Onílù bàtá náà kò kẹ̀rẹ̀. Ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ ìyáàlù, ìda ló ń pè é; òun ló ń mú kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kó rinlẹ̀. Ní Òṣogbo, àwọn tó ń pa aṣọ láró fi ìda yíyọ́ kún ẹ̀kọ tí àwọn ìyá wọn ń lò, kí aró má bàa wọ ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó funfun. Èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà lóde òní, inú epo rọ̀bì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, kì í ṣe ti oyin mọ́.

Báwo la ṣe ń wá oyin wa? Òru ni. Àwọn tó ń fọ́ oyin á di ògùṣọ̀, wọ́n á mú àáké àti korobá, wọ́n á forí lé igi tí wọ́n ti ṣọ́ láti ọ̀sán. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò ní kí á dáná sun onílé. Ògùṣọ̀ tó wọ ihò igi kì í ṣẹ́ èéfín lásán. Á sun ìyá oyin, á sun ọmọ inú afárá, nígbà mìíràn á sun igi òrí tí òdòdó rẹ̀ bọ́ wọn, iná á sì tibẹ̀ ràn mọ́ oko olóko. Oyin tí wọ́n bá rí ń rùn èéfín, ọmọ oyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn á mú un kan láìpẹ́. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní oyin ti wọ́n. Báwo ni kò ṣe ní wọ́n?

Ọ̀nà mìíràn kò ṣòro. Àwọn àgbà kan máa ń gbé ìkòkò sórí igi, wọ́n á dá ihò kékeré sí i lára, wọ́n á fi ìda pa inú rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi kóríko ọba ra á, nítorí òórùn kóríko ọba jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn wá sílé. Àwọn tó ń sin oyin lóde òní ń lo àpótí onígi tí ọ̀pá wà lórí rẹ̀. Wọ́n á gé afárá tó ti pọ́n, wọ́n á fi èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Èéfín díẹ̀ tó. Oyin ò ní kú, ẹni tó ń sìn ín á sì padà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ oyin ní Òjòkú, Ìpéé, Ìgósùn àti gbogbo agbègbè Ọ̀yun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ògùṣọ̀ tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oyin, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé báwo ló ṣe rí i. Afárá tí ẹ bá sì ti fún tán, ẹ má dà á sí ààtàn. Ẹ gbé e kaná nínú omi, kó má hó jù, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ìda á léfòó, á sì dì lójú omi. Àwọn aránbàtà ń fi pa òwú, àwọn tó ń po ìpara ń pò ó mọ́ òrí, alágbẹ̀dẹ idẹ náà kò sì tíì tán nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ tà á fún wọn.